Omi Kan, Ìgbé Ayé Púpọ̀: Ohun Tí Ọ̀sà Èkó Fi Yé Mi

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Yábàá. Ìwé tí a ń lò nígbà náà fẹ́ràn láti máa sọ pé ibi tí ènìyàn ń gbé ló ń sọ irú ẹni tí yóò jẹ́. Ará aṣálẹ̀ á máa da ẹran, ará igbó kìjikìji á máa ro oko, ará etí omi á máa pẹja. Ó rọrùn fún ọmọ láti há sórí, ó sì rọrùn fún tíṣà láti fi ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì wa wà, bí a bá sì ti gbójú kúrò nínú ìwé, ọ̀sà là ń wò. Ní etí ọ̀sà kan ṣoṣo yìí, àwọn kan kọ́lé sórí omi. Àwọn kan kọ́lé sí bèbè rẹ̀, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i. Àwọn mìíràn ń da yanrìn sínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tà. Omi kan náà ni gbogbo wọn ń wò, òjò kan náà ló ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, kò sì tíì fi mí sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń ṣètò ìlú ṣì ń hùwà bíi pé ilẹ̀ nìkan ni ìlú, bíi pé bí wọ́n bá ti wọn ilẹ̀ tán, wọ́n ti mọ ìlú tán. Ohun tí ojú mi rí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilẹ̀ àti omi a máa ti ènìyàn sí ọ̀nà kan, wọ́n a sì tún máa fi àyè sílẹ̀ fún un. Àṣà tó gbé dé ibẹ̀ ni yóò sọ ohun tí yóò fi àyè náà ṣe. Nígbà tó bá sì ti ṣe é tán, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti yí padà, àwọn ọmọ rẹ̀ á wá bá ilẹ̀ tí bàbá wọn kò mọ̀.

Ọmọkùnrin Ègùn kan láti Mákòkó ló kọ́kọ́ mú kí n máa fi ojú mìíràn wo iṣẹ́ mi. Mo ń ṣàlàyé ọ̀sà Èkó fún kíláàsì lọ́jọ́ náà: pé ó gùn ju kìlómítà 50 lọ, pé fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 3 níbì kan tó sì tó 13 níbòmíràn, pé bó ṣe tóbi tó yẹn, kò jìn, mítà kan àbọ̀ péré ni jíjìn rẹ̀ lápapọ̀, àyàfi níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé. Ọmọ náà nawọ́, ó dìde, ó ní, "Mà, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ibi tí ọ̀pá kò bá ti kan ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń mú àjẹ̀." Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín, torí wọn kò mọ̀ pé ẹnu ọmọ apẹja ni kókó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti jáde. Mo ní kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ pé bàbá òun kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ ìgbà tí ẹja kan máa dé, pé ó máa ń tọ́ omi wò ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé Mákòkó pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, mi ò sì dáwọ́ lílọ dúró mọ́ lẹ́yìn náà. A máa ń gba Ìwáyà kọjá dé ibi tí títì ti parí tí ọkọ̀ ojú omi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọmọ náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó fi kan ahọ́n, ó sì ní kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò ni, omi náà kò níyọ̀ rárá. Ó ní ká padà wá nígbà ọyẹ́. Nígbà tí a padà lọ, iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń kọ sójú pátákó ló wà nínú ẹ̀kán omi yẹn: nígbà òjò, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò kéékèèké mìíràn a rọ́ wọ inú ọ̀sà, wọ́n a ti omi òkun padà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò a fà, òkun a sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ewé aláwọ̀ ewé tó máa ń léfòó bo ojú omi nígbà òjò, tó ń dí ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ́wọ́, a kú dànù nígbà tí iyọ̀ bá dé. Ẹja náà a máa pààrọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí èyí ń lọ tí èyí ń bọ̀, ebi ni yóò pa á lójú ọ̀sà.

Mo rí bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀ka igi sínú omi níbi tí kò ti jìn. Ẹja á wá sá sábẹ́ rẹ̀, á máa jẹ ohun tó hù sára igi, á máa bímọ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn á fi àwọ̀n yí i ká, wọn á yọ ẹ̀ka kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á kó ẹja. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa: oko ni wọ́n dá sínú omi. Àwọn Ègùn tó wá láti ìhà Badagry àti láti Olómìnira Benin ni wọ́n gbé ọgbọ́n yìí dání. Omi Èkó kò kọ́ wọn. Àṣà wọn ni, omi Èkó kàn gbà á ni.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ju èyí lọ ni ọ̀rọ̀ ẹja yíyan. Ìyá ọmọ náà ń yan ẹja nínú ilé tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ pákó, lórí omi. Mo bi í bí iná kò ṣe jó ilé. Ó gbé ẹní kúrò, ó fi yanrìn hàn mí, yanrìn tó nípọn tí wọ́n da sórí pákó, tí wọ́n sì gbé ààrò tí wọ́n fi àgbá ṣe lé lórí. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí bó ṣe ń yí ẹja, èyí tó sún mọ́ iná á lọ sókè, èyí tó wà lókè á wá sísàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé agbọ̀n ẹpìyà dé, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń ná ẹja. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó ń ra ẹja lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, owó sì jáde lápò rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ìyá wọn jẹ́ Yorùbá kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá náà ní, "Tíṣà, bí n kò bá rà á, báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá mo jèrè?" Ọkọ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìyàwó ní òwò tirẹ̀, ẹnì kankan kò jẹ èkejì ní gbèsè àlàyé. Kò sí máàpù tó lè fi ìyẹn hàn.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wá bi mí léèrè pé kí ló dé tí àwọn Àwórì tó kọ́kọ́ dé Èkó kò kọ́lé sórí omi bí ti Ègùn. Ìbéèrè rere ni. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Èkó gbọ́ ni pé láti Ìṣẹ́rí, létí odò Ògùn, ni Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìdó, nítorí ogun. Omi tó yí Ìdó ká ni odi wọn. Ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ jọ ọ́: ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ogun Dahomey tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ló lé wọn wọ orí omi. Ìbẹ̀rù kan náà ni, ààbò kan náà sì ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn Àwórì fi ọkàn àgbẹ̀ dé etí omi. Nígbà tí Àrómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, ré kọjá láti Ìdó sí apá erékùṣù tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, ata ló gbìn. Orí oko ata yẹn ni Ìgà Ìdúngànràn wà títí di òní, ibi tí ọba Èkó ń gbé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: omi yí wọn ká, ẹja wà níbẹ̀, wọ́n sì ń pẹja lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún. Àwọn Ìdéjọ, olóyè onífìlà funfun, ni wọ́n ń jẹ́ onílẹ̀, ìjà ilẹ̀ sì pọ̀ gan-an ní kóòtù Èkó láti ayé òyìnbó.

Erékùṣù kò sì ní bí ó ti máa fẹ̀ sí. Nígbà tí òwò dé, tí ọkọ̀ òyìnbó dé, tí àwọn ará òkè ń rọ́ wá, ilé wá sún mọ́ ilé. Ibi tí mo ti rí i pé ilẹ̀ híhá àti àṣà lè jọ bí nǹkan kan nìyẹn, torí nínú ẹbí tèmi ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Èkó, dàgbà nínú agbo ilé bàbá rẹ̀ ní àárín erékùṣù, kò jìnnà sí Òkè Àrìn. Yàrá yí àgbàlá ká, kànga wà nínú àgbàlá, ojú oórì bàbá àgbà wà nínú ilé, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú. Lẹ́yìn ìgbà tó ti bímọ fún bàbá àgbà wa tán, inú ilé bàbá rẹ̀ yìí náà ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ilé ẹbí tirẹ̀, ìrìn tí kò tó nǹkan ni láàárín wọn. Oúnjẹ ń lọ, ọmọ ń lọ, àwọn méjèèjì ń rí ara wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Kì í ṣe ìjà ló fà á. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ bíbí Èkó, obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí yàrá nínú ilé bàbá rẹ̀, ìlú náà sì kéré débi pé kò sí ẹni tó jìnnà sí ẹnì kejì. Àyè híhá ló jẹ́ kí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ rọrùn. Àṣà ogún ló jẹ́ kó tọ́ lójú ènìyàn. Bí o bá yọ ọ̀kan kúrò, èkejì kò lè dúró.

Ègbo àti ẹ̀wà ni Màmá Èkó ń tà. Láàárọ̀ kùtù ló ti ń gbé ìkòkò kaná. Àwọn alábàárù ọjà ni oníbàárà rẹ̀, àti àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti Èbúté Èrò pẹ̀lú ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi já sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń bá a ṣa ẹ̀wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a pọnmi, ìyá rẹ̀ àgbà ń tọ́jú àwọn ọmọ. Kò san owó ọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tó jà ní Èkó ní 1924, ìjọba òyìnbó ti ń wo àárín erékùṣù bí ibi ìdọ̀tí tó yẹ kí wọ́n tú ká. Láti 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé náà, wọ́n sì kó àwọn ẹbí lọ sí Súrùlérè, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sórí ìlà gbọọrọ. Àwọn ènìyàn wa wà lára wọn. Mi ò ní sọ pé ilé àtijọ́ dára ní gbogbo ọ̀nà. Àgbàrá máa ń wọlé, ènìyàn pọ̀ nínú yàrá, àìsàn sì máa ń ràn. Ilé Súrùlérè ní omi ẹ̀rọ, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ kò gba ju tọkọtaya àti ọmọ wọn lọ. Ẹni tó ya ilé náà lórí pépà ti ní irú ẹbí kan lọ́kàn, kò sì béèrè lọ́wọ́ Màmá Èkó bóyá irú ẹbí tirẹ̀ nìyẹn.

Báyìí ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Àbúrò rẹ̀ bọ́ sí òpópónà mìíràn, ìyá rẹ̀ bọ́ sí ibòmíràn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá ilé sí Mushin. Ó gbé ègbo kaná láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ òwò níbẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá ìkòkò tó kún. Gbogbo àdúgbò ti wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Súrùlérè ìgbà náà kò ní ọjà, kò ní alábàárù, kò ní èbúté. Àwọn tó kù nílé ni àwọn obìnrin bíi tirẹ̀, tí ìkòkò tiwọn náà wà lórí iná. Ó wá ń gbé ìkòkò wọ bọlẹ̀kájà padà sí erékùṣù lójoojúmọ́, ó ń jókòó níwájú ilé ìbátan kan tí wọn kò tíì wó. Owó ọkọ̀ jẹ èrè. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jáwọ́. Màmá mi ní ohùn rẹ̀ yí padà láti ọdún náà, pé obìnrin tó ń kọrin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wá di ẹni tó ń béèrè owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Ìbànújẹ́ ni mo fi ń kọ èyí. Kìlómítà mélòó kan péré ni wọ́n gbé e jìnnà sí ibi tó ti wá, lórí ilẹ̀ tó le, tó gbẹ, tó mọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ àti ipò rẹ̀ láàárín ẹbí kò rí bákan náà mọ́.

Kí n má gbàgbé àwọn tó ti òkè òkun dé. Àwọn Sàró tó padà láti Sierra Leone tẹ̀dó sí Olówógbowó, nítòsí ibi tí ọkọ̀ òyìnbó ń gúnlẹ̀, ìwé àti òwò ni wọ́n fi jẹun. Àwọn Agúdà tó ti Brazil àti Cuba dé gba Pópó Agúdà, bíríkìlà àti káfíńtà sì pọ̀ láàárín wọn. Erékùṣù kan náà, yanrìn kan náà, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni: fèrèsé tó ṣe kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ lókè, òdòdó lára ògiri, bákónì tó kọjú sí títì. João Baptista da Costa, ọmọ Agúdà, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn Kátólíìkì ló kọ́ ilé ìrun fún Mùsùlùmí Èkó, ó sì fi ọnà Brazil sí i lára, ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí ohun àjèjì. Frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń jẹ ní Gúùdù Fúráídè, náà bẹ́ẹ̀: Brazil ni wọ́n ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àgbọn tó kún etíkun wa láti Badagry wá ni kò jẹ́ kó parun. Ọ̀kan nínú àwọn ilé wọn tó pẹ́ jù, Ilojo Bar ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2016. Mo kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ rí nígbà tó ṣì dúró. Ó ṣì ń dùn mí.

Yorùbá ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ sán ọwọ́. Ará Èkó gbé ẹ̀bá odò, ó sì ń ra omi. Mẹ́ruwà ló ń gbé e kiri nínú kẹ̀kẹ́ títí di àná òde yìí. Ilẹ̀ ló ń ṣe é. Yanrìn ni erékùṣù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi òjò tó bá rìn wọlẹ̀ a máa léfòó lórí omi oníyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, torí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Kànga tí kò jìn a máa bá omi dídùn yẹn. Bí o bá gbẹ́ ẹ jù, tàbí tí gbogbo agbo ilé bá fà á jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á gòkè. Màmá Èkó kò ka ìwé, ṣùgbọ́n òfin kànga kò ṣàjèjì sí i: omi kànga fún ìfọṣọ àti ìwẹ̀, omi òjò inú àmù fún mímu, kí ẹnikẹ́ni má sì fa kànga gbẹ. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá sí erékùṣù ní 1915, tí wọ́n sì ní kí ará ìlú máa san owó orí lé e, wọ́n yarí. Ní 1916 ìlú gbóná. Ọ̀rọ̀ náà kan Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ, ó kan Herbert Macaulay. Àwọn ará ìlú ní àwọn ní kànga, pé òyìnbó ló ń wá omi ẹ̀rọ, kí òyìnbó sanwó rẹ̀. Àwọn aláṣẹ rí i bí ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan tó kọ ohun rere. Èmi rò pé àwọn tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ilẹ̀ wọn gbé ni, tí wọ́n sì mọ̀ pé omi tí a ń san owó orí lé lórí kò ní sí lọ́wọ́ àwọn mọ́.

Apá tó le jù láti kọ́ àwọn ọmọ ni pé ènìyàn náà ń yí ilẹ̀ padà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, yanrìn dí ẹnu ọ̀nà òkun sí ọ̀sà débi pé ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré á wá lọ kó ẹrù àti èrò. Òyìnbó wá fi òkúta ńláńlá kọ́ odi sínú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí ìṣàn omi lè gbá yanrìn kúrò. Iṣẹ́ náà yọrí. Apápá di èbúté ńlá, ọkọ̀ ojú irin tó ti dé Ibadan láti 1901 wá ń kó ẹ̀pà àti kòkó pàdé ọkọ̀ òkun. Èkó di olówó nípasẹ̀ òkúta yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni òkun ń gbé yanrìn rìn ní etíkun wa. Odi náà dá a dúró. Yanrìn wá ń pọ̀ sí i lápá ìwọ̀ oòrùn, Bar Beach tó wà lápá kejì kò sì rí yanrìn gbà mọ́, òkun wá ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ Bar Beach nígbà tó ṣì fẹ̀. Àwọn aládùúrà nínú aṣọ funfun, abẹ́là lọ́wọ́, ẹlẹ́ṣin tó ń gbé ọmọdé gùn, a ó rìn títí kí omi tó kan ẹsẹ̀. Nígbà tí mo di tíṣà, omi ti ń gun òpópónà Ahmadu Bello. Ìjọba da yanrìn, òkun kó o lọ, wọ́n tún dà á. Lónìí, odi gìrìwò wà níbẹ̀, ìlú tuntun Eko Atlantic sì ń dìde lórí ibi tó ti di òkun. Àwọn ará Okun Alfa tó wà níwájú lápá ìlà oòrùn ń pariwo pé òkun ń jẹ abúlé àwọn. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà tí yanrìn ń gbà rìn kò ní béèrè ìdí. Òkúta tí wọ́n kọ́ nítorí òwò ẹ̀pà àti kòkó ni ọmọ apẹja kan ń fojú winá rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní oṣù keje 2012, wọ́n wó lára ilé orí omi ní Mákòkó lẹ́yìn ìkìlọ̀ wákàtí 72. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tó yan ẹja fún wa rí nígbà kan ti dàgbà, ilé tirẹ̀ sì ṣì dúró. Mo bi í bóyá yóò gbà bí wọ́n bá fún un ní ilé lórí ilẹ̀. Kò bínú sí ìbéèrè náà. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi ibi tí ọkọ mi máa so ọkọ̀ mọ́. Ẹ sọ ibi tí èéfín mi máa gbà jáde tí aládùúgbò kò fi ní pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà, ká wá sọ̀rọ̀ ilé." Mo rántí ìkòkò ègbo. Bí mo bá lágbára, ìbéèrè méjì yẹn ni ǹ bá kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú gbogbo ètò tí ẹnikẹ́ni bá ní fún Mákòkó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti pè mí, mo sì ń sọ ọ́ síbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ra ilé sí ẹ̀sítéètì kan ní Lẹ́kí, lórí irà tí wọ́n da yanrìn kún. Òjò àkọ́kọ́ tó pa wọ́n níbẹ̀ wọ inú pálọ̀. Ó pè mí lórí fóònù. Mo ní kó mọ odi kékeré sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó gbé ìlẹ̀kùn sókè, kó má sì fi kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ iwájú ilé, kí yanrìn lè mu omi. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Omi kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ó wá ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, torí ara ògiri bàbá yẹn ni gọ́tà náà parí sí, ibi tí omi ń gbà lọ sí ọ̀sà tẹ́lẹ̀ rí kí wọ́n tó dí i. Àwọn onílé ti ṣèpàdé lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí kálukú gbé ilé tirẹ̀ sókè. Àwọn mìíràn, tí ọmọ mi wà lára wọn, ní kí wọ́n dáwó kí wọ́n la ọ̀nà omi náà padà, bí ó tilẹ̀ máa gba àárín ilẹ̀ ẹnì kan kọjá. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ò tíì gbà. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi sì ti ní kí n bá òun mú máàpù àtijọ́ wá.